Ata Lórí Wáyà

Láti oṣù Èrèlé ni ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ igi,
ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ búlúù tí oòrùn ti bó lára,
ní abúlé kan lápá àríwá Niu Mẹ́síkò
níbi tí ilẹ̀ ti pọ́n bí osùn.
Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé Ofelia lọ sí ọsibítù
ni Eusebio wà á kúrò lójú ọ̀nà, kí áńbúláǹsì lè ráyè yí.
Kò tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Ọkọ̀ tó bá dúró pẹ́,
ilé ni lójú ẹni tí kò nílé.

Ní oṣù Òkúdù wọ́n ránṣẹ́ pé òkúta sàréè ti ṣe tán.
Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́. Kẹ́.
Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá wo ilé!
Igi wẹ́wẹ́, ẹ̀gún ọrọ́, eegun ìhà àgùntàn,
bébà ṣokoléètì tó ń dán yinrin,
oúnjẹ ajá (bẹ́ẹ̀ ajá ilé ti kú láti ọdún mẹ́ta),
ṣíbí tíì tí baba ti wá títí tó fi sú u.
Gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹ́ńjìn ní títò,
bí ẹrù ẹni tó sanwó ilé.
Wáyà wá ńkọ́?
Ó ti bó wọn bí ẹní bó ìrèké.

Kì í ṣe òkété, kì í ṣe ẹmọ́,
kì í ṣe asín tí òórùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.
Eku aṣálẹ̀ ni, olójú rogodo,
tí í gbé nǹkan ẹni, tí í sì fi nǹkan mìíràn dípò.
Ó gbé ìdérí bátìrì lọ, ó fi èso igi sílẹ̀.
"Kò jalè," ni Eusebio wí. "Ọjà ló bá mi ná."

Benerita ké láti ìdí ọgbà:
"Má fìgbálẹ̀ kàn án o! Eruku ìgbẹ́ eku ń pa èèyàn níbí.
Fi omi bílíìsì rin ín, kí o bo imú!"
Ó wọ ìbọ̀wọ́ Ofelia, aláwọ̀ ìyeyè.
Kò gba ìka rẹ̀ tán.

Tranquilino mẹkáníìkì wá, ó so wáyà tuntun,
ó gba owó tó tó ra ewúrẹ́ méjì.
Gbogbo abúlé di oníṣègùn:
ẹni kan ní ọṣẹ, ẹni kan ní ewé míǹtì,
ẹni kan yá a ní ológbò.
Ológbò wò yíká, ó gun orí bónẹ́ẹ̀tì, ó sùn.

Ni baba bá wọ ilé ìdáná.
Ìgò ata pupa kan kù lórí pẹpẹ,
èyí tí Ofelia lọ̀ kẹ́yìn, ní oṣù Ọ̀wàrà.
Ó dúró tì í fún ìgbà díẹ̀.
Ó ṣí i, ó bù ú, ó wọ́n ọn sórí wáyà títí ìgò fi gbẹ.
Nígbà tílẹ̀ mọ́,
ẹsẹ̀ eku wẹ́wẹ́ ti la inú ata já, kò tilẹ̀ sáré.

Láti ìgbà náà, lálaalẹ́, bónẹ́ẹ̀tì á là sílẹ̀ gbayawu,
fìtílà á máa tàn nísàlẹ̀ rẹ̀,
nítorí òkùnkùn ni eku fi ń ṣe aṣọ.
Àwọn tó ń kọjá ń bi í pé ta ló ń retí.

Ọjọ́ tó lọ gbé òkúta, ẹ́ńjìn gbà lẹ́ẹ̀kan.
Kò tíì rìn dé afárá tí ooru mú, tí ata bẹ̀rẹ̀ sí í yan.
Òórùn ilé ìdáná kún inú ọkọ̀.
Baba sín, ó tún sín, omi dà lójú rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀.
Níbi iná pupa, ọmọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ń wò ó.
Ó sọ gíláàsì kalẹ̀.
"Ata ni," ó wí fún un. "Ata ni."

Ó padà dé lálẹ́. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó tan fìtílà.
Èso igi kan ṣoṣo wà lórí bátìrì.
Ó wá ara rẹ̀ lápò, bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dán.